Ẹ Hú Tálẹ́ǹtì Yín Jáde

Bíbélì kíkà: Mátíù 25:14–30



Bí a bá ń wàásù lórí ọmọ ọ̀dọ̀ kẹta yìí, ọ̀lẹ ni a máa ń pè é, bí olúwa rẹ̀ ti pè é. Ṣùgbọ́n ẹ tún ẹsẹ 25 kà. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ẹ̀rù ni ó ba òun tí òun fi lọ ri tálẹ́ǹtì náà mọ́lẹ̀. Kò jí i, kò sì ná an ní ìnákúnàá. Ẹ̀rù ni.

Níbo ni ẹ̀rù náà ti wá? Ẹsẹ 24 fi hàn pé ó ka olúwa rẹ̀ sí òǹrorò ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà máa ń ṣe, bí ẹni pé Ọlọ́run ń wò wá bí wolé-wolé tí ń wá àṣìṣe kiri. Orin tuntun sọ sí arábìnrin kan lọ́kàn nídìí ìdáná, kò jẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Òmíràn mọ àwòrán yà, ó mọ aṣọ ṣe lọ́nà, ìsàlẹ̀ àpótí ni ó ń kó wọn sí. Kí ni ayé yóò wí?

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà, mo máa ń rí ọmọ tí ń fi apá bo àwòrán rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tí ó bò yẹn ni ó dára jù ní kíláàsì.

Nígbà tí a ń kọ́ Àgọ́ Ìpàdé, Olúwa fi Ẹ̀mí Rẹ̀ kún Bésálẹ́lì fún iṣẹ́ ọnà (Ẹ́kísódù 31). Orí 35, ẹsẹ 25 àti 26, sì sọ ti àwọn obìnrin tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ran òwú. Bí ẹ̀rù bá mú wọn pa òwú wọn mọ́, kí ni à bá fi ṣe aṣọ títa Àgọ́ náà?

Fanny Crosby, ará Amẹ́ríkà, fọ́jú láti ìgbà ọmọ ọwọ́. Ó ti ṣe tíṣà rí. Ó ti lé ní ẹni 40 ọdún ní 1864 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí fi orin ìyìn kíkọ ṣe iṣẹ́. Nígbà tí ó fi kú ní 1915, orin rẹ̀ ti lé ní 8,000.

Ẹ má dúró kí ẹ̀rù tán. Ẹ̀rù ṣì ń ba Mósè nígbà tí Ọlọ́run bi í ní ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pá lásán ni. Òun náà ni ó sì mú lọ. Àwọn àgbà ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Kí orí máa mì, kí ẹsẹ̀ sáà máa rìn.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ kọ orin yẹn sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí etí arábìnrin kan tí ẹ jọ ń gbàdúrà. Ẹ gbé iṣẹ́ ọwọ́ yẹn jáde nínú àpótí. Olúwa tí ó fi fún wa kì í ṣe òǹrorò. Inú ayọ̀ Rẹ̀ ni Ó ń pe olóòótọ́ sí.

Kí Ó mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn wa, kí Ó sì fi ìgboyà dípò rẹ̀. Àmín.