Ọwọ́ Márùn-ún Tó Ń Bọ́ Alága

Èkúté ló sọ wá di olólógbò. Ní àdúgbò tí à ń gbé n'Íbàdàn, kò sí ilé tí èkúté kò mọ ibi tí wọ́n ń kó ìrẹsì sí, ṣùgbọ́n tiwa ti di àrífín. Wọ́n jẹ àpò ẹ̀wà, wọ́n jẹ ọṣẹ, wọ́n tún jẹ etí ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó wa. Mo ní kí a ra oògùn èkúté. Màmá, ìyá ọkọ mi tí wọ́n ń bá wa gbé, ní rárá o, èyí tó bá kú sínú àjà, ta ni yóò gun òkè lọ gbé e? “Ẹ lọ mú ológbò wá.” Ẹni tó bá mọ ojú tí ọ̀pọ̀ àgbà wa fi ń wo ológbò, bí ẹni ń wo àjẹ́, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èkúté ti sú Màmá pátápátá ni.

Ọmọ oṣù mẹ́ta ni nígbà tó dé, pupa rúsúrúsú, inú páálí mílíìkì ló sùn mọ́jú. Nílẹ̀ ọjọ́ kejì, àga bàbá àwọn ọmọ ló gùn, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Àbíkẹ́yìn mi ló pè é ní Alága. Ọdún kan kò pé tí èkúté fi kó ẹrù wọn.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké lóru, tó ń tọ̀ sára ògiri kiri, a gbé e lọ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Dókítà ẹranko tó ṣe é kìlọ̀ fún wa pé ológbò tí a bá tẹ̀ lọ́dàá, oúnjẹ tí ara rẹ̀ nílò máa ń dín kù, ọ̀fun rẹ̀ ló sì máa ń fẹ̀ sí i. Mo gbọ́. Mo dúpẹ́. Kí a tó dé ibi tí a ti fẹ́ wọkọ̀, mo ti gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n wá ka àwọn ọwọ́ tó ń bọ́ ọ fún yín. Èmi ni mo ń da oúnjẹ ológbò oníhóró sínú abọ́ rẹ̀ láàárọ̀, mo sì ń dà á kún dẹ́múdẹ́mú, nítorí abọ́ tó ṣófo ń tì mí lójú. Màmá ní oúnjẹ inú ọ̀rá kì í ṣe oúnjẹ. Ológbò tí kò bá jẹ ẹja, kí ló fi yàtọ̀ sí adìyẹ? Orí kòtè àti ìrù rẹ̀ di ti Alága lọ́sàn-án. Bàbá àwọn ọmọ kò lè jẹun alẹ́ kí wọ́n má gé nínú ẹran wọn fún un. Àbíkẹ́yìn ń fún un ní mílíìkì àti bisikíìtì. Ọwọ́ karùn-ún kò tilẹ̀ sí nínú ilé wa: Ìyá Ìbejì ilé kejì, tí wọ́n ń ta ìrẹsì, awọ adìyẹ ni wọ́n ń kó dè é. Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni nínú wa, yóò búra pé díẹ̀ ni òun ń fún un. Òótọ́ ni gbogbo wa ń sọ. Díẹ̀ lọ́nà márùn-ún ló di àjẹkì.

Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ sísanra ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Bí ènìyàn bá tóbi sí i, a ó ní ayé gbà á, a ó kí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí wa nítorí Alága. “Ẹ kú ìtọ́jú o, ẹ wò ó bó ṣe ń dán!” Kò dán. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti rí wúruwùru nítorí ahọ́n rẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́ láti lá a. Àga tó ń fò gùn tẹ́lẹ̀, ó di ohun tó ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé e, a bá gbé àpótí sí ìdí àga kó máa fi ṣe àtẹ̀gùn. A tún ń fi í ṣe ẹ̀rín! Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo tan fóònù, mo rí èkúté kan tó gba iwájú Alága kọjá wẹ́rẹ́. Alága gbé orí, ó wò ó, ó tún gbé orí lélẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ológìnní kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Tiwa wà nílé o, ó wà lórí àga, ilé sì di ilé èkúté.

Lọ́jọ́ kejì mo gun òṣùwọ̀n. Èmi nìkan, kílò 71. Mo gbé Alága mọ́ra, mo tún gùn ún: 79. Kílò mẹ́jọ gbáko, bẹ́ẹ̀ irú ológbò bíi tirẹ̀ kò yẹ kó ju márùn-ún lọ.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ló mú mi kọ ìtàn yìí. Inú bí mi, mo palẹ̀ abọ́ rẹ̀ mọ́. Mo pe gbogbo ilé jọ, títí kan Ìyá Ìbejì, mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún un ní ohunkóhun. Ebi yóò rán an níṣẹ́ èkúté. Ọjọ́ kìíní, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọjọ́ kejì, ó dákẹ́. Mo ní ó ti gbọ́n. Ọjọ́ kẹta, àánú ṣe mí, mo gbé kòtè bíbọ̀ sí i nímú, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bì, omi lásán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Màmá gbé e sínú oòrùn, wọ́n ṣí etí rẹ̀ wò, wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀. Erìgì rẹ̀ ti pọ́n bí èso ìyeyè. “Ìyàwó mi,” ni wọ́n wí, “ibà pọ́njú ló ń ṣe ológbò yìí.”

Màmá kò jìnnà sí òótọ́. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ ni. Ó ní ológbò kì í ṣe ènìyàn tó lè gbààwẹ̀, èyí tó bá sì sanra gan-an ni ààwẹ̀ ń pa jù. Bí irú wọn bá wà láìjẹun fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ara yóò kó ọ̀rá tó ti tọ́jú pamọ́ jáde, yóò sì dà á lu ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ronú ọ̀nà tóóró kan ní ọjà Bódìjà, kí tírélà ogún wá já ẹrù síbẹ̀ láàárọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀dọ̀ yóò kún fún ọ̀rá, kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́, èébì yóò máa gbé ẹranko náà, kò ní fẹ́ rí oúnjẹ, àìjẹun yẹn yóò sì tún kó ọ̀rá mìíràn wá. Oúnjẹ tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni oògùn rẹ̀. Wọ́n fa omi sí i lára, lẹ́yìn náà a ń fi síríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́ ta oúnjẹ lílọ̀ sí i lẹ́nu ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, tọ̀sán tòru, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé. Màmá ń di orí rẹ̀ mú, èmi ń ta á. Wọn kò bá mi wí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ní irú òru bẹ́ẹ̀ ni mo ka ìtàn Meow, ológbò Amẹ́ríkà kan. Ìyá arúgbó ẹni ọdún 87 ló ni ín, kò lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, ó bá di èrò ilé ìtọ́jú ẹranko ní Santa Fe, ìpínlẹ̀ New Mexico, ní oṣù kẹrin ọdún 2012. Ọmọ ọdún méjì péré ni, ó sì wọn nǹkan bíi kílò 18. Wọ́n gbé e lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, ayé rí i, ayé rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń dín oúnjẹ rẹ̀ kù bó ṣe yẹ, nǹkan bíi kílò kan ti kúrò lára rẹ̀, àmọ́ kò lè mí dáadáa mọ́. Oṣù karùn-ún kò tíì jìnnà tó fi kú. Himmy, ológbò ará Queensland ní Ọsirélíà, ni ìwé Guinness kọ sílẹ̀ pé ó wúwo jù, kílò 21.3, bárò ni wọ́n fi ń tì í kiri. Ó kú ní ọdún 1986, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Guinness kò gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ mọ́, kí ẹnì kan má baà bọ́ ẹranko rẹ̀ pa nítorí orúkọ.

Nígbà tí ara Alága yá, kílò 7.2 ló wọ̀n. Dókítà kọ gíráàmù 50 fún un lójúmọ́, nínú irú oúnjẹ oníhóró tí à ń rà. (Agbára oúnjẹ kò dọ́gba láti ọ̀rá kan sí èkejì, nítorí náà ẹ má fi ti Alága ṣe òdiwọ̀n tiyín.) Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, mo rò pé òṣùwọ̀n ti bàjẹ́. Ṣé èyí ni ológbò yóò jẹ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú?

Ní ti ọwọ́ márùn-ún, mi ò lè gé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ṣe ni pé mo wá agolo Bournvita kan, mo ń wọn oúnjẹ òòjọ́ sínú rẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tí ìfẹ́ bá ń gùn, kó bù nínú agolo. Bó bá tán, ó tán. Màmá dúnàádúrà títí a fi gbà fún wọn pé kí wọ́n máa fún un ní ẹja díẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, bíbọ̀, láìsí iyọ̀, láìsí àlùbọ́sà, nítorí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. A ó sì yọ ìwọ̀n rẹ̀ kúrò nínú agolo. Mílíìkì, a fòpin sí i. Ìgbẹ́ rẹ̀ tó ti ń ṣàn látọjọ́ yìí sì dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ omi ni a ti ń dá lẹ́bi tẹ́lẹ̀.

Dókítà ní kó máa fò ní nǹkan bíi gíráàmù 70 lọ́sẹ̀, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kó má ṣe yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo ń gbé e gun òṣùwọ̀n, tí mò ń kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì.

Eré ìdárayá kò le tó bí mo ṣe rò. Ológbò kì í sáré ọ̀nà jíjìn. Ó ń ba, ó ń fò mọ́ nǹkan, ó ń sinmi. Àbíkẹ́yìn so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ okùn, ó so okùn mọ́ igi, ó ń fi dá a lára yá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ àti lálẹ́. A ń gbé okùn náà pamọ́ lẹ́yìn eré, nítorí bí ológbò bá gbé okùn mì, ó lè di ìfun rẹ̀. Kéréètì ẹyin ló tilẹ̀ ṣiṣẹ́ jù: a ń pín hóró oúnjẹ sínú ihò rẹ̀, Alága yóò máa fi ọwọ́ wá a jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta ayò. A kò gbé àpótí kúrò ní ìdí àga títí ó fi wá sí kílò mẹ́fà, kí oríkèé rẹ̀ má baà jìyà.

Oṣù mẹ́wàá ló gbà. Kílò 5.1 ló wọ̀n ní Sátidé tó kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ológbò, mo bẹ̀ yín, ẹ fọwọ́ pa tiyín ní ẹ̀gbẹ́ lálẹ́ òní. Bí ọwọ́ yín kò bá kan egungun ìhà rẹ̀ àfi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ti sanra jù. Ẹ má ṣe palẹ̀ abọ́ mọ́ bí mo ti ṣe. Ẹ béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ dókítà ẹranko. Bó bá sì kọ oúnjẹ fún odidi ọjọ́ kan, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ kẹta.