Ìrínisí Oníbàárà àti Iye Ọkọ̀

Àwọn baba wa ní ìrínisí ni ìsọni lọ́jọ̀. Àwọn baba wa kan náà ni wọ́n tún ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Bí a bá gbé òwe méjèèjì síwájú ọmọdé, yóò bi wá pé èwo ni kí òun gbà nínú wọn. Ìdáhùn tí àwa máa ń fún àwọn ọmọ ilé kéú wa ni pé òwe kìíní ń ròyìn ohun tí ayé ń ṣe ni, òwe kejì ni ó ń sọ bí ọ̀rọ̀ ti rí gan-an. Ìdáhùn yìí rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí a lọ ra ọkọ̀, tí ó hàn sí wa pé àwa tí à ń fi òwe kejì kọ́ ọmọ, òwe kìíní ni a fi ń hùwà.

Ọdún 2003 ni. Ẹgbẹ́ wa ń wá bọ́ọ̀sì tí yóò máa gbé àwọn ọmọ ilé kéú àti àwọn ìyá àsàlátù lọ síbi wàásù. Ọdún mẹ́ta gbáko ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ fi dá owó náà jọ, ní ọjọọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn àsàlátù. Ọwọ́ Ìyá Súnnà wa ni owó wà, màmá kan tí ó ń ta èlùbọ́, tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Màmá kò lọ sí ilé-ìwé, ṣùgbọ́n kò sí kọ́bọ̀ tí ó wọlé nínú owó náà tí kò lè sọ ọjọ́ tí ó wọlé àti ẹni tí ó mú un wá.

Àwa mẹ́rin ni a lọ sí ọgbà ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí a kò níí dárúkọ. Ọkọ̀ akérò ni a wọ̀ dé ibẹ̀. Màmá wọ bùbá àti ìró àǹkárá tí ó ti ṣá díẹ̀, ó fi ìborùn funfun borí, ó sì gbá àpò ọjà tí owó wà nínú rẹ̀ mọ́ abíyá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó sábẹ́ agbòòrùn gbójú sókè, ó wo bàtà wa, ó sì padà sídìí ìwé ìròyìn tí ó ń kà. A ní bọ́ọ̀sì funfun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni à ń bèèrè. Ó ní, “Màmá, ọkọ̀ yẹn wọ́n o.” A kò tí ì bi í léèrè bóyá ó wọ́n tàbí kò wọ́n. A ní kí ó jẹ́ kí mẹkáníìkì wa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kò sí nítòsí. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi gbé jíìpù wọlé, tí òun náà fẹ́ wo bọ́ọ̀sì kan náà, kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún sì jáde láti inú àpò ṣòkòtò ẹni tí ó ní kò sí nítòsí. Ọmọ kékeré tí ó ń fọ ọkọ̀ níbẹ̀ ni ó yọ́ tẹ̀ lé wa dé ẹnu ọ̀nà, tí ó sọ fún wa pé 780,000 náírà ni wọ́n ń pè é.

Inú bí wa. Nígbà tí a délé, a ṣe ìpàdé lé e lórí. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé kí a bẹ ọ̀kan nínú àwọn Alhaji ẹgbẹ́ kí ó gbé Mercedes rẹ̀ jáde, kí ó wọ lẹ́ẹ̀sì, kí àwa ọ̀dọ́ máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ìyá Súnnà bi wá pé, “Èmi ńkọ́?” A ní kí Màmá jọ̀wọ́ bá wa dúró nínú mọ́tò. Ó ní kò burú. Àwọn àgbà obìnrin wa mọ bí a ti í sọ pé kò burú nígbà tí ó bá burú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn náà sílẹ̀ níbẹ̀ ná, kí a gbọ́ tẹnu olùtajà, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Tòkunbọ̀ ni orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun. Òun náà ni a fi ń pe ọkọ̀ tí òyìnbó ti lò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tí ó wà nínú ọgbà kì í ṣe ti ẹni tí ó ń tà wọ́n. Ẹni tí ó kó wọn láti èbúté Àpápá, tàbí láti Kútọnu (ìjọba kò tí ì fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ nígbà náà, ọdún 2017 ni òfin yẹn bẹ̀rẹ̀), yóò sọ iye tí òun fẹ́ gbà. Ohun tí olùtajà bá rí lé e lórí ni oúnjẹ tirẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni olùtajà ń díye lé. Ó ń díye lé àwa náà. Bàtà ni ó kọ́kọ́ ń wò, nítorí aṣọ ṣeé yá, ṣùgbọ́n bàtà kì í sábàá bá ẹsẹ̀ ẹlòmíràn mu. Ó ń wo aago ọwọ́, ó ń wo ohun tí a gbé wá, ó ń tẹ́tí sí èdè: ẹni tí òyìnbó rẹ̀ bá ń gba imú jáde, ìlú òkè ni ó ti dé, kò mọ iye nǹkan nílé mọ́. Ẹni tí ó bá bèèrè iye kí ó tó ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò mọ ọkọ̀. Ẹni tí ó bá mú mẹkáníìkì dání mọ̀ díẹ̀.

A kò lè sọ pé kò ní ìdí. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni àwọn awòran ń wọlé. Ẹnìkan yóò jókòó sídìí ọkọ̀ kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò ní òun fẹ́ wà á wò díẹ̀, a kò sì ní rí òun àti ọkọ̀ mọ́. Oòrùn ń pa olùtajà, onílẹ̀ ń bèèrè owó ilẹ̀, àwọn ọmọ sì wà nílé tí wọn yóò jẹun. Bí ó bá ní kí òun fi etí kan náà gbọ́ ti gbogbo ẹni tí ó wọlé, ilẹ̀ yóò ṣú kí ó tó rí ẹni tí yóò san owó.

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a máa tàn án jẹ ju bí ó ti rò lọ. Gbájúẹ̀ tí yóò fi sọ̀wédowó òfìfo gbé ọkọ̀ lọ, lẹ́ẹ̀sì ni yóò wọ̀ wá, nítorí òun náà mọ ibi tí ojú olùtajà ń wò. Alápatà tí ó ní owó ọkọ̀ méjì lábẹ́ ìgbànú, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò wọ̀ wá, nítorí ọjà ni ó ti ń bọ̀, ibẹ̀ náà ni yóò sì padà sí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìkọ iye sára ọkọ̀ ni ó ń fa èyí lọ́dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, òfin ni pé kí iye tí ilé-iṣẹ́ dá lé ọkọ̀ tuntun wà lára gíláàsì rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Ian Ayres àti Peter Siegelman, rán àwọn ènìyàn lọ ná ọkọ̀ tuntun ní agbègbè Chicago: ọkùnrin àti obìnrin, aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ́ gbogbo wọn láti sọ, ìmúra wọn jọra, ọjọ́ orí wọn kò sì jìnnà síra. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1995, lẹ́yìn ìnájà oníméjìméjì tí ó ju 300 lọ. Iye tí àwọn olùtajà pè fún ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni ó kéré jù. Ti ọkùnrin aláwọ̀ dúdú fi ohun tí ó ju 1,000 dọ́là lọ ga ju ìyẹn lọ, lórí irú ọkọ̀ kan náà. Nígbàkúùgbà tí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ìlú òyìnbó bá ròyìn irú nǹkan báyìí, a máa ń kígbe pé ìwà ìkà ni, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó kígbe fún Màmá ní ẹnu ọ̀nà ọgbà yẹn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ẹ̀sìn wa kò ní kí oníṣòwò má jèrè. Nígbà tí ọjà gbówó lórí ní Mẹ̀dínà, tí àwọn ènìyàn ní kí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá àwọn dá iye lé e, kò gbà. Kí á ná ọjà kí á sì pàdé lórí iye kan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Wíwo ojú ẹni kí á tó díye pàápàá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nígbà gbogbo. Ìyá alátà a máa wo opó tí ó fa ọmọ mẹ́ta lọ́wọ́, a sì fi èènì kún tirẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní aláìṣòdodo. Bí a bá ní wíwo ojú oníbàárà jẹ́ èèwọ̀, àánú pàápàá di èèwọ̀.

Lójú tiwa, ohun tí a ń wá lójú oníbàárà ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyá alátà ń wá àìní. Olùtajà ọkọ̀ ń wá àìmọ̀, kí ó lè fi ṣe èrè. Ànábì (s.a.w.) kọ̀ fún àwọn ènìyàn láti lọ pàdé àwọn tí ń kó ẹrù bọ̀ lọ́nà kí wọ́n tó wọ ọjà, nítorí àwọn tí ń bọ̀ kò tí ì mọ iye tí nǹkan ń lọ nílùú, bí wọ́n bá sì dé ọjà tí wọ́n rí i pé a ti rẹ́ àwọn jẹ, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti yí òwò náà padà. Àwọn onímọ̀ fiqh ní orúkọ fún ẹni tí kò mọ ọjà, tí ó sì gbọ́kàn lé olùtajà: mustarsil. Bí ó wọ lẹ́ẹ̀sì, bí ó wọ àkísà, mustarsil ni. Àwọn kan máa ń sọ pé kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ olówó, kò ní pa á lára. Àwa kò rí ibi tí owó tí ó pọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan ti sọ irọ́ tí a pa fún un di òtítọ́.

Ẹ wo Jarīr ọmọ Abdullāh, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà. Ó rán ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ ra ẹṣin, wọ́n sì ná an sí 300. Nígbà tí ẹni tí ó ni ẹṣin wá gbowó, Jarīr wo ẹṣin náà, ó ní ó ju 300 lọ, ṣé yóò gba 400? Ó ń fi kún un bẹ́ẹ̀, òun tí yóò sanwó, títí ó fi di 800. Wọ́n bi í léèrè. Ó ní òun ti bá Ànábì ṣe àdéhùn pé ire gbogbo Mùsùlùmí ni òun yóò máa fẹ́ pẹ̀lú òótọ́ inú. A kò ní kí àwọn olùtajà ọkọ̀ ṣe bíi Jarīr. Ebi lè pa wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹ kíyè sí i pé ẹṣin ni Jarīr wò. Kò wo aṣọ ẹni tí ó fà á wá láti mọ bí kò ti mọ̀ tó.

Ará oko kan sì wà tí wọ́n ń pè ní Zāhir, tí kì í ṣe arẹwà. Ó ń ta ẹrù oko rẹ̀ lọ́jà lọ́jọ́ kan nígbà tí Ànábì (s.a.w.) yọ́ gbá a mú láti ẹ̀yìn, tí ó ń bá a ṣàwàdà pé ta ni yóò ra ẹrú yìí. Zāhir ní bí wọ́n bá gbé òun sọ́jà, òun kò níí tà. Ànábì dá a lóhùn pé lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ọjà tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀pọ̀. Ohun tí ó máa ń dùn wá nínú ìtàn náà ni pé kò sí ẹni tí ó bú Zāhir lọ́jọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ti fi ojú ọjà díye lé ara rẹ̀. Nígbà tí a bá rántí rẹ̀, “kò burú” Màmá ni ó máa ń sọ sí wa lọ́kàn.

Nígbà tí a padà lọ sí ọgbà náà pẹ̀lú Mercedes, ọ̀dọ́mọkùnrin abẹ́ agbòòrùn sáré jáde wá ṣílẹ̀kùn. Wọ́n gbé àga, wọ́n gbé omi tútù. Kọ́kọ́rọ́ wà nítòsí. Wọ́n pe bọ́ọ̀sì náà ní 930,000. A ní a gbọ́ 780,000. Wọ́n ní ọkọ̀ mìíràn ni ìyẹn, ó ti lọ. Kí ẹ sì wá wo Alhaji wa! Ojú ń tì í láti ná an bí ó ti yẹ, nítorí bí wọ́n ti ń pè é ní “Alhaji, Ọ̀gá” yẹn kì í jẹ́ kí ẹni tí ó wọ lẹ́ẹ̀sì takú lórí ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Lẹ́ẹ̀sì kò lẹ́bi o. Ẹnìkan bi Ànábì léèrè nípa ẹni tí ó fẹ́ràn kí aṣọ àti bàtà òun dára, ó sì dá a lóhùn pé Ọlọ́hun fẹ́ràn ẹwà, àti pé ìgbéraga ni kíkọ òtítọ́ àti fífojú tẹ́ńbẹ́lú ènìyàn. Ẹni tí a fojú tẹ́ńbẹ́lú lọ́jọ́ náà wà nínú mọ́tò tí a ti fèrèsé rẹ̀, àwa ni a sì fi í síbẹ̀. A san 875,000. Ẹnìkan nínú wa rìn lọ síbi Mercedes, Màmá sọ fèrèsé kalẹ̀, ó ka owó náà lé e lọ́wọ́ láti orí itan rẹ̀, kò bi wá ní ohunkóhun.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, a jẹ́ iṣẹ́ fún àwọn obìnrin. A kúnlẹ̀ bẹ Màmá, ó ní kí a dìde, inú kò bí òun. Akọ̀wé ẹgbẹ́ sì ṣí ìwé ìṣirò, ó ní kí òun kọ iye ọkọ̀ sí i, 875,000. Màmá ní kò rí bẹ́ẹ̀, kí ó kọ ọ́ sí ọ̀nà méjì. Kí ó kọ bọ́ọ̀sì, 780,000. Kí ó kọ lẹ́ẹ̀sì, 95,000. Akọ̀wé wo ojú wa, a kò rí nǹkan sọ, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì wà nínú ìwé náà.