NA18507, Ará Ìbàdàn Tí Kò Lójú

Bí ọ̀rọ̀ DNA bá délẹ̀ nínú takisí Micra tó ń ná Ìwó Road sí Agodi Gate, ọmọ ta lọmọ ni àwọn èrò yóò máa jiyàn lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn kan ti bí ìbéèrè tó le ju ìyẹn lọ: bí èèyàn bá fínnúfíndọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ṣé gbèsè tán nìyẹn?

Ní 2002, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap, láti mọ ibi tí DNA ẹnì kan ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Wọ́n lo ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Tokyo, Beijing, Utah àti Ìbàdàn. Ìdílé 30 ni ti Ìbàdàn: bàbá, ìyá àti ọmọ tó ti dàgbà, èèyàn 90 lápapọ̀. Wọ́n sọ ẹ̀jẹ̀ wọn di sẹ́ẹ̀lì tó ń bí sí i láìdáwọ́ dúró, wọ́n sì kó o pamọ́ sí ibùdó ìtọ́jú sẹ́ẹ̀lì Coriell ní New Jersey, níbi tí àwọn olùṣèwádìí káàkiri ayé ti ń rà á. Ní 2008, iléeṣẹ́ Illumina ka gbogbo DNA ọ̀kan nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọkùnrin ni. Yorùbá ni. NA18507 ni wọ́n ń pè é.

Henrietta Lacks, tí sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ náà ń bí sí i bẹ́ẹ̀, lórúkọ ní tirẹ̀. Ní 1951, àwọn dókítà Johns Hopkins ní Baltimore mú sẹ́ẹ̀lì lára jẹjẹrẹ obìnrin adúláwọ̀ yìí láìbi í. Nígbà tí ayàwòrán Kadir Nelson yà á ní 2017, ó gbé Bíbélì lé e lọ́wọ́, ó sì yọ bọ́tìnnì méjì kúrò lára aṣọ rẹ̀, kí olùwòran lè mọ̀ pé wọ́n mú nǹkan lọ. Ọdún 2023 ni ẹbí rẹ̀ tó bá iléeṣẹ́ Thermo Fisher yanjú ẹjọ́ tí wọ́n pè é lórí sẹ́ẹ̀lì náà.

Ní Ìbàdàn, wọ́n béèrè. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Howard University nígbà náà, àti Clement Adebamowo ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ kí abẹ́rẹ́ tó kan ara ẹnikẹ́ni. Orúkọ kankan kò bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Iye tí wọ́n gbà tilẹ̀ ju iye tí wọ́n lò lọ, kí ẹni tó fún wọn pàápàá má lè sọ bóyá tòun ni wọ́n ń kà.

Ayàwòrán tó bá ya ojú sí NA18507 ti ba ìlérí yẹn jẹ́. Àwọ̀ àti ìlà nìkan ló kù fún un: àwọ̀ mẹ́rin fún lẹ́tà mẹ́rin DNA. Àdìrẹ Ìbàdàndùn ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́. Òpó gbọ̀ngàn Mápó ló fi ń dárúkọ ìlú, láìya ojú ará ìlú kankan.

Ní ti ìbéèrè gbèsè yẹn, ẹ̀kọ́ Yorùbá nípa orí yanjú ìdajì rẹ̀. Nílé Àjàlá alámọ̀, olúkúlùkù ló ń yan orí tirẹ̀. Ọkùnrin náà lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìpe ìpàdé ẹbí.

Ìdajì kejì ló le. Ìdajì DNA rẹ̀ wà lára ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ sì pín nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n. Wọn ò lè gba ẹ̀jẹ̀ náà padà, ṣùgbọ́n wọ́n lè béèrè ìpín nínú èrè rẹ̀. Títí di 2018, nínú èèyàn 100 tí wọ́n fi ṣe ìwádìí tó so DNA mọ́ àìsàn, nǹkan bí 78 jẹ́ ìran Yúróòpù. Ìran Áfíríkà ò ju 2 lọ. Ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn wà nínú ìpìlẹ̀ ìmọ̀ náà, àìsàn àwọn èèyàn ibòmíràn sì ni wọ́n ń fi ṣèwádìí jù lọ.

Nítorí náà, kí ayàwòrán fi ojú ọkùnrin náà pamọ́ bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kó kọ orúkọ àwọn tó ń ra sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, tó ń tà á, tó sì ń fi jèrè, gàdàgbà sára àwòrán náà. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn ṣàdéhùn pé a ó fi orúkọ tiwọn pamọ́.