Ọwọ́ Tó Ń Yàwòrán, Ọkàn Tó Ń Sinmi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ìdánwò ti kan ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kò rí oorun sùn mọ́, tí àyà wọn ń já ṣáá. Wọ́n ní àìnígbàgbọ́ ló fà á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀mí búburú ń yọ Saulu lẹ́nu, ẹni tó mọ dùùrù ta ni wọ́n wá fún un. Dafidi ta á, ara sì tu ọba (1 Samuẹli 16:23). Besaleli tí Ọlọ́run fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún pẹ̀lú, oníṣẹ́ ọnà ni (Ẹksodu 31:1-5).

Ní 1938, ikọ́ ife dá Adrian Hill, ayàwòrán ará Ìlú Ọba, dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Orí ibùsùn ló ti ń ya ohun tó wà nítòsí rẹ̀. Ó rí i pé ó ń tu òun lára, ó sì fi kọ́ àwọn aláìsàn mìíràn. Òun ló fún irú ìtọ́jú yìí lórúkọ ní 1942.

Nítorí náà, lẹ́yìn àdúrà yín, ẹ mú pẹ́ńsù àti bébà. Ẹ ya ohun tó wúwo lọ́kàn yín. Kò dandan kó rẹwà. Ẹ gbé e síwájú Olúwa. Bí ẹrù náà kò bá fúyẹ́, ẹ lọ rí dókítà. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Amọ̀kòkò ni Ọlọ́run wa (Aisaya 64:8). Ẹni tó fi ọwọ́ mọ wá kò ní í kẹ́gàn iṣẹ́ ọwọ́ wa. Kí àlàáfíà rẹ̀ ṣọ́ ọkàn yín. Àmín.