Aṣọ Wo Ni A Ó Wọ̀ Lọ Síbi Oúnjẹ Alẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bóyá ni ìdílé kan wà láàrin wa tí kò tíì kan rí. Wọ́n pe tọkọtaya síbi oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ìwé ìpè dé sórí fóònù, ó dára, òdòdó wà létí rẹ̀, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá wọ́n kọ ọ̀rọ̀ méjì síbẹ̀: dressy casual. Ìyàwó béèrè pé kí ni ìyẹn túmọ̀ sí. Ọkọ ní bóyá wọ́n ní kí èèyàn múra ni, ṣùgbọ́n kí ó má jọ ẹni tó múra. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n kó aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì, aago márùn-ún lù, aago mẹ́fà lù, ọ̀rọ̀ kò yanjú.

Ẹ má jẹ́ kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn àgbà ló sọ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Nígbà tí a bá ń yan aṣọ, a ń yan ojú tí a fẹ́ kí àwọn ènìyàn fi wò wá, a sì ń yan bí ara yóò ṣe rí fún ẹni tí a bá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwà ni. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí a bá ara wa sọ ọ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a má rò pé Òyìnbó ló kọ́ wa ní irú ìmúra tó wà láàrin méjì yìí. Yorùbá ti pín aṣọ sí ìsọ̀rí tipẹ́tipẹ́. Kíjìpá tó nípọn ni aṣọ iṣẹ́. Ẹtù, àlàárì àti sányán ni ti òde ńlá. Láàrin méjèèjì, àyè wà. Ọkùnrin tó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó mọ́, tó dé fìlà, tí kò gbé agbádá lé e, ó ti múra, ṣùgbọ́n kò múra bíi bàbá ọkọ ìyàwó. Obìnrin tó ró ìró àǹkárá pẹ̀lú bùbá rẹ̀, tí kò wé gèlè tó ń kan àjà, òun náà ti múra. Àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ ní nǹkan bí ọdún 1970 yóò rántí ìró péńpé àti bùbá tí a ń pè ní oleku. Nígbà tí Túndé Kèlání gbé fíìmù Ó Le Kú jáde ní 1997, láti inú ìwé ìtàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, aṣọ náà tún gbòde láàrin àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí ó kọ́kọ́ dé. Bí ó bá jẹ́ ti aṣọ nìkan ni, ọ̀rọ̀ ti parí níbí.

Ohun tó mú un le ni pé ọ̀rọ̀ méjì yẹn kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo wa fọwọ́ sí. Bí Òyìnbó bá kọ black tie sínú ìwé ìpè, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ: kóòtù dúdú àti táì kékeré ọrùn. Lounge suit náà kò rú wọn lójú, kóòtù àti ṣòkòtò tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ni. Ṣùgbọ́n bí a bá so ìmúra àti àìmúra pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan, olúkúlùkù yóò mú apá tó wù ú. Ìyá kan gbọ́ dressy, ó gbé léèsì jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbọ́ casual, ó wọ jíìnsì. Àwọn méjèèjì pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ojú ti àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú wọn. Ẹni tó kọ ìwé ìpè ni kò là á yé wọn.

Nítorí náà ọwọ́ olùpè ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí a kò lè kọ ọ́ ní Yorùbá tó yé ọmọdé àti àgbà pé: “Ẹ wọ aṣọ tí ẹ máa ń wọ̀ ní ọjọ́ Àìkú lásán. Kò sí aṣọ ẹbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra tuntun”? Gbólóhùn mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n ó lè gba ìdílé púpọ̀ lọ́wọ́ ìrònú àti ìnáwó.

Àlejò ńkọ́? Ìtàn àwọn ènìyàn wa méjì lè ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀kan ni Mọ́jọlá Agbébì, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí a bí ní Iléṣà ní 1860. David Brown Vincent ni orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di 1894, kí ó tó yí i padà sí ti Yorùbá. Ní àkókò tí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ń fi kóòtù onírun àti kọ́là líle làágùn nínú oòrùn, aṣọ Yorùbá ni ó ń wọ̀, nílé àti nígbà tó bá lọ sí òkè òkun. Àwọn tí ó ń bá jókòó nígbà náà gbà pé aṣọ àwọn nìkan ni aṣọ ọlájú. Agbébì kò jiyàn púpọ̀. Ó wọ tirẹ̀.

Èkejì ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ó ti ka ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1919 sí 1922, ó mọ aṣọ wọn, ó sì mọ èdè wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti àwọn ìyá ọlọ́jà Abẹ́òkúta jọ ń jà nítorí owó orí ní àwọn ọdún 1940, ó pa aṣọ Òyìnbó tì, ó ń ró ìró bíi tiwọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ni òun.

Aṣọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì wọ̀, ṣùgbọ́n ìdí wọn yàtọ̀. Agbébì wọ aṣọ tirẹ̀ kí ẹni tó rò pé òun ga jù ú lọ lè mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyá Abẹ́òkúta wọ tirẹ̀ kí ẹni tó rò pé òun kéré lè fi ọkàn balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú èyí ni a ti rí òṣùwọ̀n tí a ń wá. Kí a tó mú aṣọ, kí a béèrè pé ta ni a ó jókòó tì lálẹ́ yìí, kí sì ni aṣọ wa yóò sọ fún un. Níwájú ẹni tó ń fojú tín-ín-rín wa, ó tọ́ kí a múra dé góńgó. Níwájú arákùnrin tí apá rẹ̀ kò ká a, ó tọ́ kí a sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀.

Ta wá ni a ń jókòó tì ní àdúgbò wa? Ẹ wo Yarnton Way láti ẹ̀gbẹ́ Abbey Wood títí dé ọ̀nà Belvedere. Bí a ṣe rí ẹni tó ti ra ilé tiwọn tó sì ti rí ọmọ-ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni a rí ẹni tí yàrá kan gba òun, ìyàwó àti ọmọ méjì. Ní oṣù Kejì ọdún 2022 ni ìjọba ilẹ̀ yìí fi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìsàn kún àwọn iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi gba físà wá. Ní oṣù Keje ọdún 2025 wọ́n ti ìlẹ̀kùn náà fún ẹni tó bá ṣì wà lókè òkun. Láàrin ìgbà méjèèjì, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló wọlé. Òru ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń san gbèsè tí wọ́n jẹ kí wọ́n tó wá, wọ́n sì ń fowó ránṣẹ́ sílé. Àpótí kan ni wọ́n gbé wọ bàálù, kò sì sí àyè fún léèsì mẹ́rin nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2022 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ní Abbey Wood. Kò tó ìdajì wákàtí mọ́ kí a tó dé Liverpool Street, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Wentworth Street tí àwọn ènìyàn wa ti ń ra léèsì àti àǹkárá láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀nà àtiná owó ti wá yá ju ọ̀nà àtirí owó lọ. Bí gbogbo oúnjẹ alẹ́ bá di òwàńbẹ̀, ẹni tí kò ní yóò yá owó, tàbí kí ó sọ pé òun ní iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. A ó gbà á gbọ́, nítorí òru ni iṣẹ́ rẹ̀. A kò ní mọ̀ láé pé ojú ló tì í. Jákọ́bù nínú ìwé rẹ̀ bá àwọn tó ń fi ìjókòó dáradára fún olórùka wúrà wí gidigidi. Ṣùgbọ́n tálákà inú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tilẹ̀ wọlé. Ti àwa burú ju bẹ́ẹ̀ lọ bí tiwa kò bá tilẹ̀ lè dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹnìkan yóò ní, “Ṣé kí n wá fi oore Ọlọ́run pamọ́ ni? Àṣà wa kọ́ ni léèsì?” Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú léèsì olówó iyebíye wa ní Lustenau ní ilẹ̀ Austria, Vlisco tí àwọn ìyá wa sì ń fi àǹkárá rẹ̀ yangàn, ìlú Helmond ní ilẹ̀ Netherlands ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1846. Ohun tó sọ wọ́n di tiwa ni pé a jọ fẹnu kò lé wọn lórí. Bí ìfẹnukò bá lè sọ aṣọ àjèjì di aṣọ iyì, a lè fẹnu kò pẹ̀lú pé ní alẹ́ ọjọ́ kan, bùbá tó mọ́ ti tó. Ọjọ́ ìyàwó ń bọ̀, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ń bọ̀, léèsì yóò jáde. Ẹni tó bá gbé agbádá ńlá lọ síbi tí olùpè ti ní ká fúyẹ́ kò jalè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbówó lé ìjókòó àwọn ẹlòmíràn.

Kí a ṣọ́ra kí òfin yìí má di pàṣán. Ó lè jẹ́ pé léèsì tí arábìnrin kan wọ̀ wá ni aṣọ dáradára kan ṣoṣo tí ó ní, tí ìyá rẹ̀ fún un ní pápákọ̀ òfurufú. Ó lè jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin onijíìnsì ti wá tààrà, kí oúnjẹ má baà tutù. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín pẹ̀lú, bí wọ́n bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti bàtà kàńfáàsì tó mọ́, wọn kò tàbùkù ẹnikẹ́ni. Ìmúra àárín tiwọn nìyẹn. Iwájú dígí tiwa ni kí olúkúlùkù wa ti lo òṣùwọ̀n yìí. Bí a bá ti jáde nílé, ó ku ká kí ara wa ká sì jẹun. Ẹni tó fi àkísà ṣe àfihàn ìrẹ̀lẹ̀, kí gbogbo ènìyàn lè wò ó, òun náà ń wá ojú ni.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ènìyàn ni aṣọ àwọn. Ẹni tó bá jókòó tì wá ní alẹ́ Sátidé ni yóò bo ìhòòhò wa ní ọjọ́ tí àìsàn bá dé, ní ọjọ́ tí ìwé ìjọba bá kọ́ wa lẹ́sẹ̀, ní ọjọ́ tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ wá ní ilẹ̀ àjèjì. Kò yẹ kí a fi léèsì lé aṣọ bẹ́ẹ̀ dànù. Bí ìwé ìpè tó ń bọ̀ bá dé, kí olùpè sọ̀rọ̀ kó yéni, kí àlejò sì ro ẹni tí yóò bá pàdé kí ó tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Kí ẹ mú aṣọ òtútù dání o, atẹ́gùn odò Thames kò mọ ẹni tó múra. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́.