Ẹjọ́ Ẹfúnṣetán Kò Tíì Parí

Ǹjẹ́ èèyàn lè ṣẹ òkú? Àwọn kan ní kò ṣeé ṣe: ẹni tó ti lọ kò gbọ́, kò rí, ọ̀rọ̀ kankan kò lè dùn ún mọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í hùwà bí ẹni tó gba èyí gbọ́. Bí wọ́n bá parọ́ mọ́ bàbá wa tó ti sùn, bàbá gan-an ni a ó ní wọ́n ṣẹ̀, kì í ṣe àwa ọmọ nìkan. Olóògbé ló ṣì ni orúkọ rẹ̀, a sì lè já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé a jẹ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ní gbèsè.

Òpìtàn Samuel Johnson kọ ohun tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, torí rẹ̀ yọ ọ́ lóyè ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, 1874. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni: kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi nígbà tó ń bọ̀. Ẹ ka ẹ̀sùn náà dáadáa. Kò sí ìwà ìkà níbẹ̀, kò sí ẹrú tí wọ́n ní ó pa. Àwọn òpìtàn, Bọ́lánlé Awẹ́ pàápàá, ti fi hàn pé Ẹfúnṣetán ló ń ta ohun ìjà fáwọn ìjòyè láwìn, àti pé ogun àjàìsinmi Látòósà ti sú u. Kí oṣù Kẹfà tó parí, àwọn ẹrú rẹ̀ gba àjà wọ yàrá rẹ̀, wọ́n sì pa á lóru. Ẹrú méjì ni wọ́n pa nítorí ọ̀ràn náà. Ààrẹ ṣì wà lórí oyè.

Ẹnìkan á ní ìkà ni obìnrin náà, kí ló kàn wá? Òótọ́ ni. Johnson kan náà sọ pé lẹ́yìn tí ọmọbìnrin rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, ó dojú ìyà kọ àwọn ẹrúbìnrin rẹ̀ tó bá lóyún. N kò ní fọ èyí mọ́. Obìnrin làwọn náà, òkú làwọn náà, a ò sì mọ orúkọ wọn. Ẹni tó bá bo ìyà wọn mọ́lẹ̀ kó lè gbé Ìyálóde ga tún ti ṣẹ òkú mìíràn ni. Ohun tí mo ń bi wá ni pé: ogun ta ló kó ẹrú kún Ìbàdàn? Àwọn ọ̀gágun tó ní ẹrú bí ilẹ̀ bí ẹní là ń kì ní akọni títí dòní, àmọ́ ìkà ni orúkọ kan ṣoṣo tí obìnrin náà ní lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1970, tí Túndé Kèlání sì sọ di fíìmù ní 2005, ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Eré ni eré, òǹkọ̀wé kò jẹ̀bi. Àwa tí a rí eré tí a ò wá ìtàn lọ ni ẹjọ́ bá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ère rẹ̀ wà ní Challenge, n'Ìbàdàn. Bó bá jẹ́ èmi ni n ó kọ̀wé sẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ̀sùn mẹ́ta yẹn ni n ó kọ́kọ́ kọ, kí n tó kan àwọn aboyún tó jìyà nílé rẹ̀, kí n wá kọ orúkọ ẹni tó wà lórí oyè nígbà tí wọ́n pa á.