Ohun Tí Ó Ṣeé Pamọ́ àti Ohun Tí Kò Ṣeé Pamọ́

Ẹ ka Eksodu, orí 16, láti ẹsẹ 14 dé 26.

Ẹ̀yin olùfẹ́ wa nínú Olúwa, ẹ rántí bí Ọlọ́run ti fi mánà bọ́ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní aginjù. Àṣẹ ni pé kí olúkúlùkù kó ìwọ̀n oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, kí ó má sì ṣẹ́ ìyókù di òwúrọ̀. Àwọn kan ṣàìgbọràn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìdin ti bo ohun tí wọ́n fi pamọ́, ó sì ń rùn. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kó ní ọjọ́ kẹfà de ọjọ́ ìsinmi kò bàjẹ́. Ohun kan wà, nígbà náà, tí ó ṣeé pamọ́ di ọ̀la. Òmíràn sì wà tí ó jẹ́ ti òní nìkan. Ẹ̀rọ kan tí ó wọ ilé wa ni ó tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí.

Nígbà tí rédífúṣọ̀n dé Ìbàdàn ní ọdún 1939, àwọn baba wa sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí tí kì í dúró de èsì ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ́któbà, ọdún 1959, àwòrán kún ohùn, ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni. Ẹni tí ó bá pẹ́ ní oko, eré a kọjá lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ṣe kọ́ láti máa dúró de ẹ̀rọ.

Àwa pẹ̀lú ṣe bẹ́ẹ̀, sí ìtìjú wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa rìn láti abúlé rẹ̀ ní apá Lálùpọn wá sí ilé wa. A ń wo bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. A ní kí ìyá jókòó díẹ̀, nítorí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí a yíjú padà, àga ti ṣófo. Ní òwúrọ̀ ni a gbọ́ pé ara ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni kò yá, àdúrà ni ó sì bá wá. Ọmọ náà yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àga òfo náà kò kúrò ní ojú wa.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó fi dìkódà kan ránṣẹ́, irú èyí tí ń jẹ́ Explora, tí ilé iṣẹ́ MultiChoice kọ́kọ́ gbé jáde ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2013. Ẹni tí ó bá wa tò ó kọ ojú díìṣì sí ìhà ìlà-oòrùn, nítorí sátẹ́láìtì tí ń rán àwòrán sí wa wà ní òkè réré, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sí ilẹ̀. Bí díìṣì bá yẹ̀ díẹ̀, àwòrán a pòórá. Nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni ó ń sún un. Ó fa wáyà kan láti ara díìṣì wọ inú dìkódà, ó sì fa òmíràn láti ara dìkódà sí tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà ó fi rìmóòtù hàn wá bí a ti í yan eré tí a fẹ́, àní kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, kí ẹ̀rọ lè gbà á sílẹ̀ dè wá. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, iná lọ ní wákàtí náà gan-an, a kò sì bá ohunkóhun nínú rẹ̀. A rántí àwọn wúńdíá tí kò ní òróró nínú fìtílà.

Ìrọ̀rùn tí ẹ̀rọ yìí mú wá kò kéré. Nígbà tí agogo àdúrà ìrọ̀lẹ́ bá lù, a ó tẹ bọ́tìnì, eré a sì dúró. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, bákan náà ni. Nísinsin yìí ẹ̀rọ ni ó ń dúró de ènìyàn. Àwáwí wa ti tán.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ẹ̀tàn ọkàn. A gba eré sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò rí àyè wo ìdajì wọn, “ó di ọ̀la” sì di ọ̀rọ̀ ẹnu wa nínú ohun gbogbo. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ó rẹ̀ wá, a ní kí àwọn ọmọ lọ sùn, pé a ó gbàdúrà ní ọ̀la. Àbíkẹ́yìn wa bèèrè pé, “Bàbá, ṣé ẹ ti gba àdúrà náà sílẹ̀ ni?” Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. A dìde, a kúnlẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Akínyẹlé, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ẹ mọ̀ pé iṣu ṣeé kó sí àká, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tí a já ní òní a rọ kí ọ̀la tó dé. Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí ó bèèrè ọ̀rọ̀ lónìí lè má bèèrè mọ́ lọ́la. Aláìsàn kì í ṣe eré tí a lè dá dúró. Ìjà tí ó wà láàárín ọkọ àti aya, kí oòrùn tó wọ̀ ni a ti í parí rẹ̀. Òbí tí ó ti darúgbó kò ní bọ́tìnì tí a ó tẹ̀ kí ó padà wá.

A lọ bẹ ìyá àgbà náà. Ó dá wa lóhùn pé, “Tíṣà, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ló dí.” Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá ju ìbáwí lọ, nítorí pé ọwọ́ wa kò dí.

Ǹjẹ́ kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ohun tí a lè fi di ọ̀la, àti oore-ọ̀fẹ́ láti ṣe ti òní ní òní. Àmín.